Méjì Kékeré

Bẹ̀líìnì, ọdún 1926, oṣù Júláì.
Nínú ilé ìtẹ̀wé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò Spree,
Burkhard Pasewalk ń to òjé.
Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dorí kodò, ó kẹ̀yìn síni,
ó sì ń kà á bí ẹni ń ka ojú ọmọ rẹ̀.

Gọ́tíńgẹ̀n ni ìwé náà ti wá.
Ó ti tò ó tán lánàá, ó ti dì í lókùn.
Ṣùgbọ́n àtúnṣe dé lówùúrọ̀:
ìràwọ̀ kékeré kan lára ọ̀rọ̀ kan,
àti ìlà kan nísàlẹ̀ ojú ìwé,
pé nígbà tí òǹkọ̀wé tún un rò,
kì í ṣe ìgbì náà ló ń sọ bí nǹkan ṣe lè ṣẹ tó,
àfi tí a bá fi ìgbì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.

Pasewalk fi ẹ̀mú mú 2 tó kéré jù nínú àpótí,
ó gbé e lé èjìká lẹ́tà tó ṣíwájú rẹ̀.
Báyìí ni òfin ńlá ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé,
láìwọ bàtà.

Ó bi akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ìwé wá, Zacharias Thom:
“Kí ni èyí ń wí?”
Thom ṣí fìlà.
“Ẹlẹ́kítírọ́nì kan ń bọ̀ wá kọlu átọ́ọ̀mù,
a kò lè sọ ibi tí yóò yà sí.
Kì í ṣe pé ojú wa fọ́.
Ohun tí a lè sọ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀,
iye báyìí á yà sósì, iye báyìí á yà sọ́tùn-ún.
Ìgbì náà lè rì, ó lè ga,
bíi gbèsè, bí èrè;
gbèsè tí a bá fi gbèsè sọ di púpọ̀, èrè ní í dà.”
“Ta wá ni ń yan ọ̀nà fún ẹyọ kan ṣoṣo?”
Thom dé fìlà rẹ̀ padà.

Ní Moabit, ní àjà kẹrin,
Hedda ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ọ̀fun rẹ̀ ti wú dí.
Dókítà fọwọ́ nínú abọ́, ó ní:
“Méje nínú mẹ́wàá máa ń yè é.”
Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá méje nínú mẹ́wàá jà.
Kò sí ọmọ tó ń fi ìdá méje mí
kó fi ìdá mẹ́ta kú.
Níbo ni dókítà ti rí i kà?
Àfi kó ti jókòó ti ibùsùn mẹ́wàá, lọ́nà ogún, lọ́nà ọgọ́rùn-ún,
kí àwọn mẹ́ta mẹ́ta ti kọ́kọ́ lọ
kí iye náà tó dúró.
Ọmọ ọlọ́mọ ni òpó rẹ̀.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà,
kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń jiyàn
bóyá ayé mọ ibi tó ń lọ, tàbí àwa ni kò mọ̀.
Ìgbì ń kọjá lójú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà;
ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń dún.

Lọ́jọ́bọ̀, ibà náà tú. Hedda béèrè búrẹ́dì.
Bàbá rẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.
Ní àjà kejì, ilé àwọn Grabowski ṣí sílẹ̀,
aṣọ dúdú wà lójú dígí.
Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tú ojú ìwé náà palẹ̀.
Ó ń fọ́n òjé padà sílé, ẹyọ ẹyọ.
2 náà bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dún tín.
Kò sẹ́ni tó tún lè dá a mọ̀.
Ní ọ̀sán, wọ́n gbé ìwé owó ẹja wá fún títò.
Ó tọwọ́ bọ àpótí náà, kò wò ó,
ó mú ọ̀kan.